Ṣé òdòdó inú ìkòkò lè fọ afẹ́fẹ́ kíláàsì mọ́ fún àwọn ọmọ?

Rárá, ìkòkò òdòdó mélòó kan kò lè ṣe iṣẹ́ tí fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ ń ṣe. Ìwádìí NASA, àjọ tó ń rí sí ìrìnàjò òfurufú ní Amẹ́ríkà, ti ọdún 1989 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n inú àpótí tí wọ́n dé pa ni wọ́n ti ṣe é. Àyẹ̀wò tó jáde ní 2019 fi hàn pé ó kéré tán, ewéko 10 ni a nílò lórí mítà kan níbùú lóròó kí ó tó bá afẹ́fẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde dọ́gba. Kò sí kíláàsì tó gbà á.

Ní Adó tàbí Ìkẹ́rẹ́, eruku ọyẹ́ àti ti ṣọ́ọ̀kì ló yẹ kí a kọ́kọ́ gbógun tì. Ẹ fi àkísà tútù nu pátákó, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀, ẹ sì ṣí fèrèsé ọ̀tún àti tòsì kí atẹ́gùn lè gba àárín kọjá. Bí eruku bá ń fẹ́ wọlé láti ojú títì, ẹ dúró kó rọlẹ̀ ná.

Òdòdó dára fún ẹ̀kọ́ àti fún ojú. Àmọ́ iyẹ̀pẹ̀ tó ń tutù ṣáá lè bu, èyí tó lè da ọmọ tó ní asthma láàmú. Ewé dieffenbachia, aláwọ̀ ewé tó ní àmì funfun, máa ń ta ọmọ lẹ́nu gan-an bó bá jẹ ẹ́.