Kòrónà ti lọ, okun kò padà: báwo ni mo ṣe máa kírun, kí n sì gbààwẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àlékúmù, Àáfà. Ó ti lé lọ́dún kan tí Kòrónà ti ṣe mí. Àyẹ̀wò ní ó ti kúrò lára mi, àmọ́ bí mo bá dìde láti kírun, àyà mi á máa lù kìkì, òòyì á sì máa kọ́ mi. Bí mo bá fipá kí i tán, lọ́jọ́ kejì mi ò ní lè kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo tún ń gbàgbé iye ráká tí mo ti kí. Àwọn ará ilé ní ọ̀lẹ ni. Ṣé mo lè máa jókòó kírun? Ààwẹ̀ ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Wà àlékúmù sàlámù. Ìyá wa, Ọlọ́hun á fún yín ní àlàáfíà tó kún. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Láti oṣù October 2021 ni àjọ ìlera àgbáyé ti ṣàlàyé àìsàn yìí, tí wọ́n ń pè ní long COVID (Kòrónà tó pẹ́ lára): ohun tó ṣì ń ṣe èèyàn ní oṣù 3 lẹ́yìn tí Kòrónà mú un, tó ti wà lára fún oṣù 2 ó kéré tán, tí wọn kò sì rí àìsàn mìíràn tó fà á. Nítorí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ yín wò ná, kí ẹ má kàn di gbogbo rẹ̀ ru Kòrónà.

Jẹ̀díjẹ̀dí ló ń ṣe Ìmrán ọmọ Husayn, ọ̀kan lára àwọn sàábé Ànábì, nígbà tó bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè nípa ìrun. Ànábì ní kó kírun lórí ìdúró. Bí kò bá lè ṣe é, kó jókòó. Bí kò bá lè ṣe ìyẹn náà, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ìmáámù Bùhárí, tó kó ọ̀rọ̀ Ànábì (hádíìsì) jọ, ló gbà á wá. Ẹ wò ó: àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò lè rí lójú rẹ̀ ni.

Kí wá ni "kò lè ṣe é"? Kì í ṣe ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́ nìkan. Àwọn onímọ̀ ka ẹni tó ń bẹ̀rù pé àìsàn òun á le sí i, tàbí pé ìwòsàn òun á pẹ́, mọ́ ọn. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ yín wà, torí àìsàn yìí kì í gba owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ẹ ṣe láàárọ̀ òní lè dá yín dùbúlẹ̀ lọ́la tàbí lọ́tùn-únla. Ara ọ̀la ni kí ẹ fi wọn agbára òní.

Bí ẹ bá lè dúró kábàrá (ìyẹn "Allāhu Akbar" tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìrun), kí ẹ sì ka Fátíhà, ẹ dúró, kí ẹ jókòó bí àyà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí lù. Bí dídìde fúnra rẹ̀ ló ń fa òòyì, láti ìkábàrá ni kí ẹ ti jókòó, kí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ tẹ̀ fún rúkúù. Tí iwájú orí yín bá lè kan ilẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi kan ilẹ̀. Tí kò bá lè kàn án, ẹ tẹ orí sísàlẹ̀ ju ti rúkúù lọ. Ẹ má gbé ìrọ̀rí sókè kàn án. Ẹni tó ń dìde láti ìforíkanlẹ̀, kó jókòó díẹ̀ kó tó nàró. Ànábì náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Àlùwàlá: ẹ jókòó lórí àpótí, ẹ má lo omi gbígbóná, torí ooru ń fi kún òòyì. Ìwẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan fún oríkèé kọ̀ọ̀kan tó. Sunna ni ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ lè kí Àìlà nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá fẹ́ẹ́ tán, kí Alásàárì sì tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí tirẹ̀ bá wọlé: àlùwàlá kan, wàhálà kan.

Ní ti ìgbàgbé, ẹni tó ṣiyèméjì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, iye tó kéré ni kó dì mú. Àmọ́ ní ìlànà Ìmáámù Málíkì, ẹni tí iyèméjì ti di ojoojúmọ́ fún kò ní kà á sí. Yóò kàn forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn sàlámà.

Ààwẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Àwọn tí àyà wọn ń sáré bí wọ́n bá dìde, omi púpọ̀ ni dókítà sábà máa ń ní kí wọ́n mu, nǹkan bíi lítà 2 sí 3 lójúmọ́. Kò sí bí sààrì ṣe lè gbé gbogbo ìyẹn. Àlùkùránì (Súrà 2, áyà 184) ní kí aláìsàn san án ní àwọn ọjọ́ mìíràn. Ẹ lè máa san án ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò pọn dandan kó tẹ̀ léra. Bí Ramadani mìíràn bá bá yín lórí àìsàn, kò sí ìtanràn ìdádúró.

Ẹ má tètè sá sídìí fídíyà (oúnjẹ tí a ń fún aláìní dípò ààwẹ̀), torí ara ọ̀pọ̀ èèyàn ń yá díẹ̀díẹ̀. Bí dókítà bá ní kò sí ìrètí, ẹ fún aláìní ní múdù oúnjẹ kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tí a pa pọ̀. Ohun tó dára ni lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ lé ìlànà Málíkì, ọ̀ranyàn ni lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn yòókù; ẹ kúkú fún wọn.

Bí ẹ bá sì gbìyànjú ààwẹ̀ ní ọjọ́ kan, tí òòyì dé lọ́sàn-án, ẹ mu omi lójú ẹsẹ̀. Ààwẹ̀ ọjọ́ kan yẹn nìkan ni ẹ máa san padà; kò sí kàfárà (ìtanràn ńlá) níbẹ̀.