Ẹ Bi Ìyá Tíṣà: Díákónì Ló Pa Á, Ṣé Kí N Ṣì Máa Ka Ìwé Náà?

Ìyá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù ìwé ní Adó-Èkìtì. Èèpo iwájú rẹ̀ ti ya dànù, n ò mọ orúkọ rẹ̀, n ò sì mọ ẹni tó kọ ọ́. Ìtàn onígbàgbọ́ ni. Opó kan padà sí ìlú kékeré tí wọ́n ti bí i ní Alabama, ní gúúsù Amẹ́ríkà. Wọ́n wá bá òkú akọrin kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìlú sì ń nàka sí díákónì. Àyà mi ń já débi pé iṣu tí mo gbé kaná fún iyán jóná mọ́ ìkòkò. Nígbà tí mo sọ ọ́ nípàdé Dọ́káàsì, àwọn kan ní kí n sun ìwé náà, pé ta ló ń ka ìtàn apààyàn nínú àwa tí a ti di àtúnbí. Ṣé kí n kà á tán? Kí ló sì dé tí ìlú tí kò tó Ìgbàrà-Odò fi ní ṣọ́ọ̀ṣì Baptist méjì, tí ọ̀kan kì í yà sọ́dọ̀ èkejì?
Ìyá Dọ́káàsì, Ìkéré-Èkìtì

Ìyá wa, ẹ má sun ìwé o. Iṣu tó jóná yẹn ti tó.

Ẹ kà á tán. Àwọn tó ní kí ẹ sun ún, ẹ ní kí wọ́n ṣí Bíbélì sí Jóṣúà orí keje. Ẹnì kan ti jí ohun ìyàsọ́tọ̀ kó ní Jẹ́ríkò, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ni Ọlọ́run bá ń yọ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì lọ́kọ̀ọ̀kan: ó mú ẹ̀yà Júdà, ó mú ìdílé Sérà, ó mú ilé Sábídì, ó wá mú Ákánì. Ká ní ẹ̀yin ni Ákánì, tí ẹ dúró láàárín èrò, tí ẹ̀wù Bábílónì wà nínú ilẹ̀ lábẹ́ àgọ́ yín, tí ọ̀rọ̀ sì ń sún mọ́ yín díẹ̀díẹ̀. Bí ẹni tó kọ ìwé yín bá mọṣẹ́, ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ.

Àwọn tó ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde lókè òkun kì í fẹ́ èébú nínú rẹ̀, wọn kì í fẹ́ ọ̀rọ̀ iyàrá, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í pọ̀ níbẹ̀. Ìfura nìkan ni òǹkọ̀wé fi ń di òǹkàwé mú. Kò rọrùn o.

Ẹ kíyè sí ṣẹ́rífù, ìyẹn ọ̀gá ọlọ́pàá, inú ìwé náà. DPO tiwa, ibòmíì ni wọ́n ti ń gbé e wá, wọ́n sì lè gbé e lọ lọ́la. Ṣẹ́rífù Alabama kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbò ni wọ́n fi ń yàn án ní káúntì rẹ̀, èyí tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ níbí. Díákónì tó yẹ kó mú lè jẹ́ ẹni tó bá a kó èrò jáde lọ́jọ́ ìdìbò. Bí ẹ bá rí i tó ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì méjì yẹn kì í ṣe àròsọ. Láyé oko ẹrú, ọ̀pọ̀ olówó ẹrú àti ẹrú wọn ló jọ ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan, ẹrú á lọ jókòó sẹ́yìn tàbí sókè. Nígbà tí ogun abẹ́lé wọn parí ní 1865, àwọn aláwọ̀ dúdú kó jáde, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀. Àwọn Baptist gúúsù fúnra wọn ti yapa kúrò lára ti àríwá ní 1845, ní Augusta, Georgia, nítorí àwọn ti àríwá kò gbà kí ẹni tó ní ẹrú di míṣọ́nnárì. Ó di 1995 kí wọ́n tó tọrọ àforíjì ní gbangba. Ọ̀rọ̀ náà ò sì jìnnà sí wa. Ìjọ yẹn kan náà ló rán Thomas Jefferson Bowen, ọmọ Georgia, wá sílẹ̀ Yorùbá. Ó gúnlẹ̀ ní Bádágírì ní 1850, ó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó ṣe sì jáde ní 1858. Ìgbà tí mo bá rántí pé ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ ẹrú yẹn àti ìwé èdè wa ti jáde wá, ẹnu mi a wọhò.

Nǹkan kan tún wà tí ẹ ò bi mí. Bí èèyàn bá kú ní gúúsù yẹn, àwọn aládùúgbò á máa gbé abọ́ oúnjẹ wá fún ọlọ́fọ̀ọ̀, wọn á lẹ orúkọ wọn mọ́ ìdí abọ́ kó má baà sọnù. Ẹ rántí kúlà tiwa tí a fi ọ̀dà kọ "Ìyá Bọ́sẹ̀" sí nídìí. Apààyàn náà á gbé abọ́ tirẹ̀ wá, wọn á sì jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà tí owó ìkórè sọnù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. N ò ní dárúkọ ìlú náà. Àpótí onígi ni wọ́n ń kó o sí, kọ́kọ́rọ́ kan ló ní, ọrùn ìyá tó jẹ́ akápò ló sì máa ń wà, lórí òwú dúdú kan tó ti ń pọ́n nítorí òógùn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n kéde pé àpótí ṣófo, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí. Ó ń sunkún, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, gèlè rẹ̀ ti yẹ̀. Òwú ọrùn rẹ̀ funfun nini. Tuntun ni. Mo tẹjú mọ́ òwú yẹn títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́.

N ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ pé ti àtijọ́ já lásán ni. Ṣùgbọ́n òun ló ń dín àkàrà ládùúgbò wa. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá mi á rán mi, mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí i, á ká àkàrà sínú abọ́ mi, á fi ẹyọ kan ṣe ènì, á wò mí lójú, á ní, "Ṣé kò sí?" Èmi náà á ní, "Kò sí, mà." Lẹ́yìn náà ni wọ́n bá owó lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Ìjọ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nínú àpò gàrí, ó dín díẹ̀. Wọ́n kọrin ìdúpẹ́, ẹnikẹ́ni ò bèèrè mọ́.

L'Ékòó, ẹ lè yà fún ẹni tí ẹ bá fura sí. Ní Èkìtì, tàbí ní ìlú opó inú ìwé yín, ẹ máa kí i láàárọ̀ ọ̀la ni. N ò ka ìwé yín, ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo ìlú kọ́kọ́ nàka sí kì í sábàá jẹ́ apààyàn náà. Ẹ fi díákónì sílẹ̀, kí ẹ wo ẹni tó ń fún opó náà ní ènì.

Ìyá Tíṣà, ọmọ ilé-ìwé gíga ni mí. Mo fẹ́ kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, kó ṣẹlẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi àjẹ́ sí i kó lè tà.
T., Adó-Èkìtì

Ọmọ mi, bí àjẹ́ bá ti wọlé ní orí kìíní, ta ló tún kù tí a ó máa wá? Fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀fọ̀n dára fún un: òkè yí i ká, ibẹ̀ ni wọ́n sin Àpọ́sítélì Babalọlá sí ní 1959, èrò sì ń wá gbàdúrà níbẹ̀. Àlejò lè wọ̀lú kí ẹnikẹ́ni má bi í ohun tó bá wá. Ìyẹn ti tó orí mẹ́ta. Má ki ìwàásù bọ ọlọ́pàá lẹ́nu. Bí ẹlẹ́ṣẹ̀ rẹ bá sì máa ronú pìwà dà, jẹ́ kí ohun tó dá padà dín díẹ̀. Fi orí kìíní ránṣẹ́ sí mi, kọ ọ́ gàdàgbà, ojú mi ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.