Ohùn Amẹ́ríkà Nínú Ṣọ́ọ̀bù Ìwé Lọ́ńdọ̀nù

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi fi páálí ìwé James Hadley Chase kan sílẹ̀ fún wa nílé ní Ẹ̀pẹ́, mo sì ti kà wọ́n tán. Láìpẹ́ yìí ni mo wo fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun kan, The Last Page, tí orúkọ Chase wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣé òun náà ni? Kí ló sì dé tí ọ̀gá ilé ìtàwé ní Lọ́ńdọ̀nù fi ń sọ̀rọ̀ bí ará Amẹ́ríkà? Ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní Amẹ́ríkà tún ní Man Bait ni òun mọ fíìmù náà sí.
Òǹkàwé yín, Ẹ̀pẹ́

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni, Chase tí bàbá yín kó ìwé rẹ̀ jọ náà ni. Eré orí ìtàgé tí ó kọ ni wọ́n sọ di fíìmù ní 1952, lábẹ́ ìdarí Terence Fisher. Chase ti ṣiṣẹ́ ìwé títà rí, ó sì hàn: bí Ruby, ọmọ iṣẹ́ tí kì í tètè dé, ṣe rí ọkùnrin tí ó ń jí ìwé olówó gọbọi, tí kò sì pariwo olè, ẹni tí ó mọ inú ṣọ́ọ̀bù ìwé dunjú ló lè ro irú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di pé wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ọ̀gá kí wọ́n lè gbowó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ohùn ọ̀gá yìí, George Brent ni òṣèré náà. Ilẹ̀ Ireland ni wọ́n bí i sí o, ṣùgbọ́n Hollywood ni ó ti gbajúmọ̀. Hammer, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe fíìmù náà, kò lówó lọ́wọ́, ó sì fẹ́ kí ọjà òun tà ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn onísinimá ti ń fẹ́ ojú tí èrò wọn mọ̀. Nítorí náà ni ó ṣe bá Robert Lippert, oníṣòwò fíìmù ará Amẹ́ríkà, dòwò pọ̀: Lippert a máa wá òṣèré Hollywood tí òkìkí rẹ̀ ti ń rọlẹ̀ fún wọn, a sì máa bá wọn tà á lọ́hùn-ún. Orúkọ tí wọ́n fi tà á níbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n yín mọ̀. Lójú tiwa, ti àkọ́kọ́ ló dára jù.

Bí ẹ bá rí fíìmù Hammer mìíràn láti 1951 síwájú, ẹ ṣọ́ àtẹ̀gùn àti ilẹ̀kùn inú rẹ̀, nítorí ilé ńlá àtijọ́ kan létí odò Thames, ní Bray, ni wọ́n sọ di ilé eré, tí wọ́n kàn ń pààrọ̀ àga àti aṣọ fèrèsé rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni Fisher ti ṣe Dracula ní 1958.