Dráífà wà lórí sáfà, síbẹ̀ ìkànnì ní òun kò rí i

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣábẹ̀ẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Èmi ni mo ń bójú tó sáfà (kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì wa dúró) tí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kajú wa fi ń kọ ìwọ̀n ẹrù tí oníkálukú bá gbé wá. Nginx tó ń gba àwọn tó wá sí ìkànnì, PHP tó ń ṣe iṣẹ́ ìkànnì, àti MySQL tó ń tọ́jú dátà ló wà lórí rẹ̀. Mo gbé Ubuntu rẹ̀ (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà) kúrò ní 20.04 bọ́ sí 22.04, àtìgbà náà ni ìkànnì wa kò ti kọ nǹkan mìíràn ju «could not find driver». Bẹ́ẹ̀, bí mo bá tẹ php -m lórí terminal, níbi tí a ti ń tẹ àṣẹ, mo ń rí pdo_mysql, dráífà tí PHP fi ń bá MySQL sọ̀rọ̀, níbẹ̀. Mo yọ php8.1-mysql tó gbé dráífà náà wá, mo dá a padà, mo tún nginx bẹ̀rẹ̀, kò yàtọ̀. Ṣé dátà wa ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìdààmú o. Dátà yín kò bàjẹ́. Kí PHP tó dé ọ̀dọ̀ MySQL rárá ni àṣìṣe yìí ti ń wáyé, torí náà kò sí ohun tó fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ yín. Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ tẹ sudo mysql, kí ẹ kọ SHOW DATABASES; (ẹ má gbàgbé àmì ; tó wà ní ìparí). Ẹ ó rí dátábéèsì yín níbi tó wà. Àmọ́ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ fi mysqldump ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹ̀dà náà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Owó àwọn àgbẹ̀ ló wà nínú ìwọ̀n wọ̀nyẹn; kò yẹ ká fi í sílẹ̀ lójú kan ṣoṣo.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. PHP tó ń dá yín lóhùn lórí terminal kọ́ ló ń dá ìkànnì lóhùn. PHP 7.4 ni Ubuntu 20.04 ń lò, 22.04 sì ń lo 8.1. Nígbà tí ẹ ṣe ìyípadà náà, àṣẹ php di ti 8.1, ṣùgbọ́n fáìlì nginx tí ẹ̀yin fúnra yín kọ, ẹnikẹ́ni kò yí i padà. Ó ṣeé ṣe kó ṣì máa darí àwọn ènìyàn sọ́dọ̀ 7.4. Ohun tó jẹ́ kí n rò bẹ́ẹ̀ ni pé bí 7.4 bá ti lọ pátápátá, «502 Bad Gateway» (nginx kò rí PHP tó máa dá a lóhùn) ni ẹ bá máa rí. PHP ló ń kọ «could not find driver», ìyẹn ni pé PHP kan wà láàyè lẹ́yìn nginx, dráífà rẹ̀ ni kò sí. Nígbà ìyípadà, Ubuntu máa ń béèrè bóyá kí òun kó àwọn ohun tí kò wúlò mọ́ dànù. Ó ṣeé ṣe kí php7.4-mysql ti bá ibẹ̀ lọ.

Ẹ wò ó báyìí: àlejò méjì lọ ná ọjà ní Wàndó níhìn-ín ní Àjàṣẹ́, kò sí èyí tó gbọ́ Gùn nínú wọn. Ọ̀kan mú ògbufọ̀ dání, èkejì kò mú. Bó ti wù kí ògbufọ̀ ẹni àkọ́kọ́ mọ̀ ọ́n tó, èkejì kò ní rí nǹkan rà. PHP méjèèjì ni àlejò, dráífà ni ògbufọ̀. Dráífà tí ẹ ń yọ tí ẹ ń dá padà, ti 8.1 ni.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi bẹ́ẹ̀, ẹ bi sáfà léèrè:

php -v
ls -l /run/php/
grep -r fastcgi_pass /etc/nginx/
php-fpm7.4 -m | grep -i mysql
php-fpm8.1 -m | grep -i mysql

Ìlà kẹta ni kókó: fastcgi_pass ló ń sọ PHP tí nginx ń darí àwọn ènìyàn sí. Bí ẹ bá rí php7.4-fpm.sock níbẹ̀, tí ìlà kẹrin kò sì mú nǹkan kan wá, ẹ ti rí i. Bí àṣẹ ìlà karùn-ún kò bá sí, ẹ fi php8.1-fpm sórí sáfà.

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè wá dráífà fún 7.4, ṣùgbọ́n n kò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀: láti oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni àwọn tó ń ṣe PHP ti dẹ́kun àtúnṣe ààbò fún un, Ubuntu 22.04 kò sì ní in nínú àká rẹ̀. Ẹ gbé ìkànnì bọ́ sí 8.1. Ẹ yí 7.4 padà sí 8.1 nínú ìlà fastcgi_pass, lẹ́yìn náà:

sudo nginx -t
sudo systemctl restart php8.1-fpm
sudo systemctl reload nginx

Ẹ kíyè sí i pé títún nginx bẹ̀rẹ̀ kò tún PHP-FPM, ìyẹn PHP tó ń dá ìkànnì lóhùn, bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Mo ti rí i ní ọ́fíìsì tó pọ̀, ní Àjàṣẹ́ àti ní Kétu, tí wọ́n tún gbogbo nǹkan ṣe dáadáa, tí wọ́n sì gbàgbé èyí nìkan.

Bí ètò yín bá ti pẹ́, ẹ ṣe é ní alẹ́, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò gbé kajú wá sórí ìwọ̀n. PHP 8 ti yọ àwọn iṣẹ́ kan bíi each() àti create_function() kúrò, àṣìṣe dátábéèsì tí PDO (apá PHP tó ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀) máa ń gbé mì jẹ́ẹ́ tẹ́lẹ̀ náà sì lè dá ojú ewé dúró báyìí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún tọkàntọkàn. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ kọ extension=pdo_mysql sínú php.ini, fáìlì ètò PHP. Ẹ má ṣe é. Nínú fódà conf.d, Ubuntu ti to àwọn fáìlì náà: 10-mysqlnd.ini ló ń ṣáájú, 20-pdo_mysql.ini ló ń tẹ̀ lé e, nítorí pé mysqlnd ni pdo_mysql gbára lé. PHP máa ń ka php.ini ṣáájú conf.d. Bí ẹ bá kọ ọ́ síbẹ̀, pdo_mysql á fẹ́ dìde kí mysqlnd tó dé, ẹ ó sì rí «undefined symbol: mysqlnd_allocator» nínú log, fáìlì tí àṣìṣe ń wọ̀ sí. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ lo sudo phpenmod -v 8.1 pdo_mysql.

Bí àṣìṣe bá yí padà sí [2002] No such file or directory, ẹ má bẹ̀rù, dráífà ti wà nìyẹn. Orúkọ «localhost» tó wà nínú ètò ìkànnì yín ló ń mú PHP wá fáìlì socket MySQL (ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀), kò sì rí i. Ẹ wò bóyá MySQL ń ṣiṣẹ́, tàbí kí ẹ fi 127.0.0.1 rọ́pò «localhost» náà.

Lẹ́yìn tí ìkànnì bá ti ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ fi sudo apt purge 'php7.4*' yọ ti àtijọ́ kúrò. Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ fi ìlà tó gbẹ̀yìn nínú /var/log/php8.1-fpm.log àti /var/log/nginx/error.log ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ kọ́kọ́ yọ ọ̀rọ̀ aṣínà kúrò nínú wọn.