Èsì: Ọmọ ọdún 15 tó ń fo oúnjẹ nítorí ìsanra

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní ọmọbìnrin yín kì í jẹun àárọ̀ mọ́, tíì tó ń fọ ikùn ló ń mu, ẹ wá ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ torí ó ti rù díẹ̀.

Ẹ má fi sílẹ̀ o! Tíì yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ewé sẹ́nà ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn; ìgbẹ́ àti omi ara ló ń tú jáde, kì í ṣe ọ̀rá. Tó bá ti mumi, ìwọ̀n rẹ̀ á padà síbi tó wà. Ọmọ tó ń ṣe nǹkan oṣù sì gbọ́dọ̀ jẹ ohun tó ń fúnni lẹ́jẹ̀: ẹ̀wà, ẹja, ẹran, ẹ̀fọ́.

Ẹ ṣọ́ ọ lálẹ́. Ẹni tó febi pa ara rẹ̀ láàárọ̀, búrẹ́dì àti mínírà ló máa fi gbẹ̀san. Ọmọbìnrin tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Èmi tí mo ń fi "orobo" pè é ṣeré ni mo fà á, mi ò tètè mọ̀.

Ẹ má fi ìwọ̀n àgbàlagbà dá a lẹ́jọ́ o. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní àtẹ ìwọ̀n ọ̀tọ̀ fún ọmọ ọdún 5 sí 19. Ṣùgbọ́n tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dáwọ́ dúró, tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí tó ń lọ bì lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ mú un lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí.