Èsì: Ṣé ọmọ òrukàn ni gbogbo àwọn ọmọ tí wọ́n kó lọ sí Kánádà?

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè bóyá ọmọ òrukàn ni gbogbo àwọn ọmọ tí wọ́n ń kó láti Ìlú Ọba lọ sí Kánádà láyé ọjọ́sí. Rárá o! Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ṣì ní bàbá tàbí ìyá láyé. Òṣì ló fà á. Ọkọ á kú, ìyàwó ò ní rí owó ilé san, á wá gbé ọmọ fún ilé ìtọ́jú ọmọdé, pé bí nǹkan bá ti rọ̀, òun á padà wá mú un. Nígbà míì, kó tó padà dé, ọmọ ti wọkọ̀ ojú omi.

Ọdún 1869 ni Maria Rye, obìnrin ará Ìlú Ọba kan, kó àwọn ọmọ tirẹ̀ tó kọ́kọ́ kó jọ lọ sí Ontario, ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà. Obìnrin mìíràn, Annie Macpherson, tẹ̀lé e. Ilé Barnardo, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń tọ́jú ọmọdé ní Ìlú Ọba, ló wá kó jù. Gbogbo ọmọ tí wọ́n kó lọ tó nǹkan bí 100,000.

Àpótí onígi kan ni ẹrù ọmọ: aṣọ, bàtà àti Bíbélì. Àgbẹ̀ tó gbà á ní Kánádà á tọwọ́ bọ̀wé pé òun á fún un lóúnjẹ àti ibùsùn, ọmọ á sì máa ṣiṣẹ́. Àwọn kan bọ́ sọ́wọ́ èèyàn rere lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ló di ọmọ ọ̀dọ̀, tí wọ́n ń fún wàrà lára màlúù kílẹ̀ tó mọ́. Lọ́dún 1875, Andrew Doyle, ẹni tí ìjọba Ìlú Ọba rán lọ wo ọ̀rọ̀ náà, kọ ọ́ síwèé fún ìjọba pé àbójútó ò tó, síbẹ̀ kíkó ọmọ lọ ò dópin. Ọdún 2010 ni Gordon Brown, olórí ìjọba Ìlú Ọba nígbà náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ àforíjì.

Bí ẹ bá ń wá orúkọ ẹnì kan, ilé àkójọ ìwé ìjọba Kánádà ní in lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni.