Aṣọ Ọmọdé Láìlo Abẹ́rẹ́: Ẹ Béèrè, A Dáhùn

Lẹ́tà mẹ́rin tí a mú lóṣù yìí wá láti Iléṣà, orí ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì dá lé: aṣọ àgbà tó ti gbó, tí ẹ fẹ́ sọ di aṣọ ọmọdé láìrán.

Pólò ọkọ mi tí kò ní kọ́là pọ̀ nílé. Ọrùn wọn ló gbó, ara wọn ṣì dáa. Mo fẹ́ fi ṣe síkẹ́ẹ̀tì fún àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún 4. Mo gé ọ̀kan, àmọ́ mi ò rí ibi tí rọ́bà ìdí rẹ̀ máa gbà. Kí ni mo ṣì ṣe? — Ìyá Ìbejì, Ìṣọ̀kùn

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ìbejì. Ó jọ pé ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀ pólò náà lẹ gé sọnù. Ìṣẹ́tí yẹn gan-an ni iṣẹ́ yìí dúró lé. Wọ́n ti rán an yípo kí aṣọ tó dé ọwọ́ yín, ó sì tó bí íǹṣì kan: ọ̀nà rọ́bà tí ẹnikẹ́ni ò ní láti rán mọ́ nìyẹn. Ẹ dorí pólò kodò. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò di ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí ẹ wọn íǹṣì 11 láti ìṣẹ́tí, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, ẹ gé awẹ́ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ojú tí ẹ gé yẹn kò ní tú, nítorí òwú pólò kọ́ ara wọn ní ojú wẹ́wẹ́. Yóò kàn ká díẹ̀ ni. Ẹ fi ọwọ́ fà á yípo kó lè ká dọ́gba.

Ẹ wá yí inú ìṣẹ́tí síta, nítòsí síìmù ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi ẹnu sísọ́ọ̀sì là á bí ìdajì íǹṣì, awẹ́ inú nìkan. Bí ẹ bá là á kan ìta, ihò á hàn. Rọ́bà tóóró ni kí ẹ rà, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́rin íǹṣì, torí kókó rọ́bà fífẹ̀ kì í wọ inú ìṣẹ́tí. Bí ìbàdí ọmọ bá jẹ́ íǹṣì 20, ẹ gé rọ́bà íǹṣì 20. Kókó á jẹ méjì nínú rẹ̀, 18 á ṣẹ́kù, ìyẹn ni yóò sì di ọmọ mú láìfún un. Ẹ fi píìnì kọ́ orí rọ́bà kí ẹ máa tì í lọ, ẹ sì fi píìnì kejì kan ìdí rẹ̀ mọ́ aṣọ kó má bàa wọlé mọ́ yín lọ́wọ́. Tí ẹ bá dé ibi síìmù, píìnì á kọ́ ẹsẹ̀. Ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ síìmù náà pẹlẹbẹ, ẹ tún tì í. Nígbà tí orí bá yọ, ẹ ta kókó méjì léra wọn, ẹ tì í wọlé. Ẹ rí i pé píìnì méjèèjì ti jáde kí ọmọ tó wọ̀ ọ́.

Pólò L sábà máa ń tó íǹṣì 44 yípo, ìlọ́po méjì ìbàdí ọmọ àti díẹ̀ sí i, nítorí náà yóò ṣù dáadáa. XXL á ṣù jù, á máa wú ọmọ nídìí.

Ṣé mo lè fi pólò ṣe gáùn tí okùn rẹ̀ á máa so sẹ́yìn ọrùn, fún ọmọ ọdún 2? — Àǹtí Ọmọ, Òkè-Ọ̀ṣẹ̀

Ẹ ṣe gáùn, ṣùgbọ́n ẹ má so ohunkóhun mọ́ ọrùn. Okùn ọrùn lè kọ́ ìṣó ẹnu ọ̀nà tàbí irin ibi ìṣeré, kó sì fún ọmọ lọ́rùn kí àgbà tó dé ibẹ̀. Ní Yúróòpù, ìlànà aṣọ ọmọdé tí wọ́n ń pè ní EN 14682 kò gba irú okùn bẹ́ẹ̀ láyè lọ́rùn aṣọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7.

Bí a ti ṣàlàyé fún Ìyá Ìbejì ni kí ẹ ṣe, àmọ́ kí ìṣẹ́tí wà ní àyà, kí rọ́bà bá àyà ọmọ mu, kí gígùn aṣọ sì jẹ́ bí íǹṣì 16. Nínú ohun tó ṣẹ́kù lára pólò, ẹ gé ọ̀já méjì tí fífẹ̀ wọn jẹ́ íǹṣì kan àtààbọ̀, kí ẹ gé e ní ìbú, kì í ṣe ní òró. Ẹ fà wọ́n gan-an, wọn á ká di okùn múlọ́múlọ́. Ẹ lu ihò méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, nísàlẹ̀ ìṣẹ́tí, ẹ má fi kan rọ́bà. Ihò náà kò gbọdọ̀ ju èékánná ìka ọmọńdinrín lọ. Aṣọ á nà fún ọ̀já. Ẹ gbé ọ̀já gba èjìká, kí wọ́n sọdá ara wọn lẹ́yìn kí wọ́n má bàa máa yọ̀, ẹ ta kókó síta, kó má bàa ha ọmọ lára. Ẹ gé orí tó bá gùn ju íǹṣì kan lọ.

Mo fi ìró ànkàrá àtijọ́ gé ṣòkòtò péńpé fún ọmọkùnrin mi, gọ́ọ̀mù ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Ìfọ̀ kejì ló tú. — Bàbá Àyọ̀, Ìmọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ànkàrá yàtọ̀ sí pólò: híhun ni wọ́n hun ún, òwú ń ré kúrò ní gbogbo etí tí ẹ bá gé. Gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ ìwé sì ń yọ́ nínú omi. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù tó dáa jù pàápàá kò lè gba ìfà ìsàlẹ̀ ṣòkòtò nígbà tí ọmọ bá lóṣòó. Ẹ gbé ṣòkòtò lọ sọ́dọ̀ télọ̀, kó gba ojú máṣíìnì kan. Òun ló tọ́.

Ohun tí ànkàrá gbà láìrán ni ìró kékeré fún ọmọbìnrin. Ìlú Òṣómàáló ni ìlú yín, ẹ ti mọ aṣọ títà. Ẹ wo àwọn tó ń ta á lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà: wọ́n á là á díẹ̀, wọ́n á sì fà á ya láti etí dé etí, ojú rẹ̀ á sì tọ́ ju ti sísọ́ọ̀sì lọ. Ẹ fa ègé íǹṣì 15 ya bẹ́ẹ̀. Etí tí aṣọ bá wá láti ilé-iṣẹ́ kì í tú, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti parí. Òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù láti ṣẹ́.

Ẹ lo téèpù onígọ́ọ̀mù tí a ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀, tí àwọn télọ̀ ń lò. Ẹ kọ́kọ́ fọ sítáàṣì kúrò lára aṣọ. Ẹ ṣẹ́ etí sí íǹṣì kan, ẹ fi téèpù sáàárín, ẹ tẹ́ aṣọ tútù lé e, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù lé e lórí fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10 láìfà á lọ fà á bọ̀. Kó tutù kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí iná bá lọ láàárín kan, ẹ tún ibẹ̀ ṣe nígbà tó bá dé, torí gọ́ọ̀mù tí kò gbóná tó á dàbí pé ó lẹ̀, ìfọ̀ àkọ́kọ́ ni yóò tú u. Ẹ má fún irú aṣọ yìí lọ́wọ́ líle, ẹ má sì rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná.

Ọyẹ́ ń bọ̀. Kí la lè fi apá aṣọ ṣe fún ọmọ ọwọ́? — Ìyá Ọmọ Tuntun, Iléṣà

Ẹ má fọwọ́ kan súẹ́tà tí wọ́n fi òwú nípọn kọ́: ẹ gé e, yóò máa tú lọ. Pólò alápá gígùn ni kí ẹ lò. Láti ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ẹ wọn íǹṣì 8, kí ẹ gé e: ẹ ti rí ìbọ̀sẹ̀ tí kò ní àtẹ́lẹsẹ̀ nìyẹn, láti ọrùn ẹsẹ̀ dé itan. Apá kejì di ẹsẹ̀ kejì. Bí ọrùn ọwọ́ bá fún ju ẹsẹ̀ ọmọ lọ, tí ó ń fi àmì sí i lára, ẹ gé e kúrò, kí ẹ jẹ́ kí etí náà máa ká fúnra rẹ̀.